Ọ̀nà Méjì Sí Kánò

Ní agbo ilé wa ní Òkè-Ìlá, ní ìlú Adó-Èkìtì, ẹni tí kò bá ní àyè kì í béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ bàbá tó bí bàbá mi. Bí àlejò bá yà wọlé tó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, ibo ni mo máa gbà dé àdúgbò Adébáyọ̀?", Bàbá Àgbà yóò fa àga fún un, yóò ní kí a bu omi wá, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé bí àwọn òkè ṣe yí ìlú Adó ká àti ìdí tí ọ̀nà fi ní láti máa wọ́ kọ́lọkọ̀lọ láàárín wọn. Kí ó tó dé Adébáyọ̀, omi ti tán nínú ife, àlejò náà sì ti ń yọjú sí títì bóyá ọlọ́kadà kan yóò kọjá. Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Yèyé, ìyàwó rẹ̀, náà kò pè é ní nǹkan mìíràn. Gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀ ló fi kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní ìmọ̀ ilẹ̀ ayé, nípa òkè àti odò, àti bí ìlú kan ṣe jìnnà sí èkejì. Nígbà tí ó fẹ̀yìn tì, ilé ẹ̀kọ́ ló fi sílẹ̀, kò fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Àwa ọmọ ilé ló kàn.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, mo ti tó ọmọ tí wọ́n lè rán lọ sí ìsàlẹ̀ àdúgbò láti lọ ata, ṣùgbọ́n n kò tíì tó ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ àgbà. Síbẹ̀ ojú mi ni wọ́n ti ń sọ ọ́, nítorí wọ́n rò pé ọmọ tó ń ṣa ẹ̀fọ́ kò ní etí. Ọdún yẹn ni fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ìlú Adó. Ti bàbá mi nìkan ló wà ní gbogbo agbo ilé, tó ń so ó mọ́ ìgbànú bí ọdẹ ṣe ń so àdó. Bí ilẹ̀ bá mọ́, agogo ìjọ Àgùdà ni a óò kọ́kọ́ gbọ́, lẹ́yìn náà ìgbálẹ̀ Yèyé, ṣáà ṣáà ṣáà, tí kì í dúró àyàfi bí ó bá dé iwájú yàrá ẹni tó ṣì ń sùn. Ibẹ̀ ni yóò ti gbá ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá Àgbà yóò tan rédíò, yóò máa bá ẹni tó ń ka ìròyìn jiyàn. Èmi ni mò ń pọn omi, èmi ni mò ń da oúnjẹ fún adìẹ, èmi náà ni mò ń nu gíláàsì ojú Bàbá Àgbà pẹ̀lú etí aṣọ mi, iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀, nítorí mo máa ń fi gíláàsì náà wo ilé fún ìgbà díẹ̀ kí n tó dá a padà. Ohun gbogbo a sì máa wú, àwọn adìẹ a sì tóbi bí ewúrẹ́.

Máàpù orílẹ̀-èdè yìí wà lára ògiri pálọ̀, ó ti gbó débi pé àwọn ìlú kan ti ré danù lára rẹ̀. Lẹ́yìn oúnjẹ ìrọ̀lẹ́, Bàbá Àgbà yóò wọlé lọ mú òwú pupa láti inú agolo ìránṣọ Yèyé, yóò pè wá. Yóò ní kí ọmọ kan fi ìka tẹ orí òwú mọ́ Èkó, kí òmíràn nà án títí dé Kánò, kí ó le gbandi. "Ọ̀nà bàlúù nìyẹn," ni yóò wí. "Ẹyẹ kì í yà sí ẹ̀bá títì lọ ra búrẹ́dì. Bí bàlúù bá gbéra ní Èkó, wákàtí kan àti ààbọ̀, o ti ń wo Kánò." Lẹ́yìn náà, yóò dẹ òwú, yóò máa tẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo kọ́nà ọ̀nà mọ́tò, òwú tó gùn tẹ́lẹ̀ kò sì ní dé Kánò mọ́. Ẹnu máa ń yà wá ní gbogbo ìgbà, bí ẹni pé a kò rí i rí. Yèyé yóò sì ti inú ilé ìdáná dáhùn, pẹ̀lú ohùn Èkìtì rẹ̀, pé, "Tíṣà, bàlúù mélòó lẹ ti wọ̀?" Bàbá Àgbà á ní, "Ẹni tó ń kọ́ni nípa òṣùpá, ṣé ó ti débẹ̀ ni?" Yèyé á ní, "Rárá o, ṣùgbọ́n ẹ dá òwú mi padà."

Àǹtí Bísí, ọmọ wọn obìnrin tó kéré jù, ni ọ̀nà Kánò kàn gan-an. Nọ́ọ̀sì ni, ọkọ rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ ní Kánò, Sábọ́n Gàrí ni wọ́n ń gbé. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ṣègbéyàwó. Ó pẹ́ débi pé àwọn èèyàn ti ṣíwọ́ bíbéèrè ìgbà tí ọmọ máa dé, ìyẹn ló sì burú jù. Ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà Yèyé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dán bí ojú omi nítorí ọ̀rọ̀ Àǹtí Bísí. Ní oṣù tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀, ní ọ̀sán ọjọ́ kan, fóònù bàbá mi dún. Inú ilé wa kì í gba ohùn fóònù dáadáa, àfi bí ènìyàn bá dúró sórí àpáta tó wà lẹ́yìn ilé ìwẹ̀, nítorí náà bàbá mi sáré gun àpáta, gbogbo wa sì tẹ̀ lé e. Ó gbọ́, ó ní kí wọ́n tún un sọ, ó tún gbọ́. Ó wá wo Yèyé nísàlẹ̀, ó ní, "Obìnrin ni. Ìyá àti ọmọ wà láàyè." Yèyé kúnlẹ̀ síbi tó dúró sí, nínú omi ìwẹ̀ tó ń ṣàn kọjá, kò sì mọ̀ pé omi ni.

Ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀. Ọkọ Àǹtí Bísí ní àbúrò òun tó wà ní Èkó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì bàlúù mẹ́ta, àlọ àti àbọ̀, kí àwọn òbí lè dé kí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ tó pé. Ti Bàbá Àgbà ni ọ̀kan, ti Yèyé ni èkejì, tèmi sì ni ẹ̀kẹta, nítorí ilé ẹ̀kọ́ ti gba ìsinmi, Yèyé yóò sì nílò ẹni tí yóò máa rán níṣẹ́. Mo fò sókè débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ já sínú garawa. Bàbá Àgbà ni mo kọ́kọ́ wò. Mo rò pé ijó ni yóò jó, òun tó ti fi òwú wọ bàlúù láìmọye ìgbà. Ṣùgbọ́n ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ń fi aṣọ nù ún fúnra rẹ̀, iṣẹ́ mi. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n wọ̀n ọ́n ná."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, òwú pupa sọ nǹkan mìíràn. Bàbá Àgbà fi ìka sí Adó. "Ẹ wò ó," ni ó wí. "Àwa nìyí. Kánò nìyí, lókè. Èkó nìyí, nísàlẹ̀. Ẹni tó ń lọ sókè, kí ló ń wá lọ sísàlẹ̀? A óò fi odidi ọjọ́ kan bá Èkó lọ, a óò sùn níbẹ̀, a óò jókòó dè wọ́n ní pápá bàlúù, kí a tó wá máa fò padà gba orí ilé wa kọjá. Ẹni tó bá gba Ìkọ̀lé, tó gba Kábbà, tó gba Lọ́kọ́ja, tó ń lọ ní tirẹ̀, yóò ti dé."

Yèyé ń bó ẹ̀gúsí. Kò gbójú sókè. Ó ní, "Tíṣà, wákàtí kan àti ààbọ̀ ńkọ́?"

"Ti ará Èkó nìyẹn," ni Bàbá Àgbà dáhùn. "Ará Adó ni mí."

Mo ti wọ bàlúù púpọ̀ láti ìgbà náà. Wọ́n ti kọ́ pápá bàlúù sí ìtòsí Adó pàápàá, fóònù ọwọ́ mi sì lè sọ fún mi bí ìlú méjì ṣe jìnnà síra kí n tó pa ẹnu dé. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti jókòó sí pápá bàlúù tí wọ́n ń bẹ̀ wá pé kí a má bínú, mo máa ń rántí pé kò sí irọ́ nínú ohun tí Bàbá Àgbà wí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Wákàtí tí wọ́n kọ sára tíkẹ́ẹ̀tì ló kéré jù nínú ìrìnàjò. Ìdí tó fi ń sọ ọ́ ni kì í ṣe òtítọ́, èmi kò sì mọ̀ nígbà náà. Yèyé mọ̀. Mo rí i tó ń wò ó láti ẹ̀gbẹ́ ojú, bí ó ṣe máa ń wo ìkòkò tí kò tíì hó.

Ìjà orúkọ ló sọ ọ́ di eré ìje. Ẹbí ọkọ Àǹtí Bísí ti ní orúkọ rẹpẹtẹ nílẹ̀, wọ́n ní kí ẹbí wa mú ẹyọ kan wá. Bàbá Àgbà fẹ́ Ìrètíọlá. Yèyé fẹ́ Ayọ̀délé. Odidi ọjọ́ méjì ni wọ́n fi ń fa orúkọ náà láàárín ilé bí ẹni ń fa aṣọ. Bàbá mi gbìyànjú láti là wọ́n, ó ní kí wọ́n dìbò, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì kọjú sí i lẹ́ẹ̀kan náà pé kí ó lọ jókòó. Níkẹyìn Bàbá Àgbà ní, "Ó dára. Ìwọ gba òfuurufú, èmi yóò gba ilẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ tẹ ẹnu ọ̀nà Bísí ni yóò sọ ọmọ lórúkọ." Yèyé ní, "Mo gbà. Ẹ má wá yí ọ̀rọ̀ padà o." Gbogbo agbo ilé pín sí méjì. Àwọn ọkùnrin ní ọ̀nà mọ́tò ni yóò jẹ ẹ́, àwọn obìnrin ní bàlúù ni. Ìyá mi nìkan ni kò sọ ohunkóhun. Ó ń di ẹ̀gúsí àti ẹran gbígbẹ sínú báàgì méjèèjì dọ́gbadọ́gba.

Ọjọ́ kan náà ni a gbéra ní gáréèjì, ní kùtùkùtù, pẹ̀lú ọyẹ́ tó ń mú ètè wa bó. Bàbá Àgbà wọ kóòtù tó fi ń lọ sí ìpàdé àwọn olùkọ́, ó dé fìlà, ó gbé agbọ̀n iṣu kan sẹ́sẹ̀. Nínú bọ́ọ̀sì Èkó ni a wà, nínú ti òkè ni òun wà, fèrèsé sì kọjú sí fèrèsé. "Tíṣà, ó dàbọ̀," ni Yèyé wí. "A óò se oúnjẹ sílẹ̀ dè yín." Bàbá Àgbà ní, "Èmi ni n óò ṣí ilẹ̀kùn fún ọ." Bọ́ọ̀sì rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbéra. Ó juwọ́ sí wa bí olórí ìlú.

A sùn ní Èkó, ní ilé àbúrò ọkọ Àǹtí Bísí, òun ló sì mú wa dé pápá bàlúù ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Yèyé gbé ìgò àgbo ọmọ kan lọ́wọ́ tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun gbé. Ọkùnrin tó ń yẹ ẹrù wò ṣí ìgò náà, ó gbóòórùn rẹ̀, ojú rẹ̀ sì yí padà. Ó béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. Yèyé ní àgbo ni. Ó ní báwo ni òun ṣe máa mọ̀. Yèyé ní, "Mu ún wò. Bí inú bá ń run ọ́, yóò lọ." Ọkùnrin náà dé ìgò padà pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ńlá, ó sì ní kí a máa kọjá.

Inú wa dùn, a rò pé a ti ń lọ nìyẹn. A jókòó. Oòrùn gòkè. A ṣì jókòó. Wọ́n ní ọyẹ́ ti bo Kánò, bàlúù kò lè rí ilẹ̀ tí yóò bà lé. Yèyé lọ bá ọmọbìnrin tó dúró nídìí tábìlì, ó ní, "Ọmọ mi, wákàtí kan àti ààbọ̀ tí wọ́n sọ, ṣé ó ti bẹ̀rẹ̀ ni àbí kò tíì bẹ̀rẹ̀? Kí n lè mọ̀gbà tí n óò dé ulé ọmọ mi." Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá, ará Èkìtì ni yín." Yèyé béèrè bí ó ṣe mọ̀. Ó ní, "Ẹ ní ulé." Yèyé ní, "Kí wá ni ẹ̀yin ń pè é?" Láti ìgbà náà ni ọmọbìnrin yẹn ti ń gbé omi wá fún wa láìjẹ́ pé a béèrè. Ṣùgbọ́n mo rí i pé Yèyé ń wo aago ògiri. "Wọn yóò ti sùn sí Lọ́kọ́ja lánàá, Tíṣà ti kúrò níbẹ̀ báyìí," ni ó wí. Ó tún pẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Kàdúná." Ó ń fi ẹnu bá a rìn, ìlú kan tẹ̀ lé èkejì, bí ó ṣe máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ láti ilé ìdáná. Nígbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ó ń gbọ́ ẹ̀kọ́ náà.

Oòrùn ti ń yí sí ìwọ̀ kí wọ́n tó pè wá. Nígbà tí bàlúù gbé imú sókè, Yèyé di ọwọ́ mi mú, ó pe gbogbo ẹni mímọ́ tó mọ̀, ó sì pe àwọn kan tí mo rò pé ará àdúgbò wa ni wọ́n. Lẹ́yìn náà ara rẹ̀ balẹ̀. Ó wo ìkùukùu láti ojú fèrèsé, ó ní ó yẹ kí wọ́n jẹ́ kí ènìyàn sọ̀ kalẹ̀ síbẹ̀ díẹ̀. Wọ́n pín míìtì páì fún wa. Èmi jẹ tèmi tán kí n tó mọ adùn rẹ̀, ṣùgbọ́n Yèyé wé tirẹ̀ sínú áńkáṣíìfù. "Tíṣà kò ní í jẹun dáadáa lọ́nà," ni ó wí. N kò tíì parí ríronú nípa páì náà tí wọ́n fi ní kí a de bẹ́líìtì, Kánò ti dé. Ohun tí òwú wí ni. Fífò kò gbà ju bí ó ṣe wí lọ.

Ọkọ Àǹtí Bísí ló wá pàdé wa. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu Yèyé ni, "Tíṣà ti dé?" Ó ní, "Wọn ò tíì dé, Màmá." Yèyé pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Ayọ̀délé ti borí." Nígbà tí a délé, ó gba ọmọ náà lọ́wọ́ Àǹtí Bísí, wọ́n wo ara wọn lójú, àwọn méjèèjì sì sunkún díẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín púpọ̀. Ó wẹ ọmọ, ó fi àdí pa á lára, ó nà án lápá, ó nà án lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí mọ́tò bá dún níta, ọwọ́ rẹ̀ máa ń dúró. Ilẹ̀ ṣú, Bàbá Àgbà kò dé. Kò ní fóònù. Wọ́n pe bàbá mi ní Adó, kò gbọ́ nǹkankan. Kò sẹ́ni tó dárúkọ eré ìje mọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Yèyé gbé àga lọ sí ẹnu ọ̀nà, ó kọjú sí títì, ẹ̀kọ tí mo gbé lọ fún un sì tutù sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo jókòó tì í. N kò rí Yèyé kí ó jókòó láìfi ọwọ́ ṣe nǹkan rí, àfi ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọ̀sán ni alùpùpù kan yà sí ojúlé náà. Ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ pupa láti orí dé ẹsẹ̀, a kò sì tètè mọ̀ ọ́n, àfi nígbà tó ṣí fìlà tí a rí ibi tí eruku kò dé. Bàbá Àgbà ni. Ẹ́ńjìnnì bọ́ọ̀sì wọn ti kú lẹ́yìn Kàdúná ní ọjọ́ kejì, wọ́n tún sùn síbẹ̀. Iṣu inú agbọ̀n rẹ̀ ni gbogbo èrò inú bọ́ọ̀sì sun jẹ, ẹyọ kan péré ló kù. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó wo Yèyé, ó ní, "Ta ló kọ́kọ́ dé?"

Yèyé dìde. Ó fi ọwọ́ gbọn eruku èjìká rẹ̀, ó gbọn ọ́n, ó tún gbọn ọ́n, ó pẹ́ ju bí ó ṣe yẹ lọ. Ó ní, "Èmi ni. Ẹ wá wẹ̀." Ó yọ áńkáṣíìfù, ó fún un ní míìtì páì tó ti le bí pákó, Bàbá Àgbà sì jẹ ẹ́ lórí ìdúró, gbogbo rẹ̀. Ẹ má rò pé ìfẹ́ yìí mú kí Yèyé fi orúkọ ọmọ jì í o. Ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, nígbà tí ó kan ẹbí ìyá ọmọ, Bàbá Àgbà dìde, ó tún kóòtù rẹ̀ ṣe, ó la ẹnu. Yèyé wúkọ́. Bàbá Àgbà jókòó padà. "Ayọ̀délé," ni Yèyé wí, ó sì dún ketekete.

Ó yẹ kí Yèyé pẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá ọkọ Àǹtí Bísí dé láti gba iṣẹ́ ìwẹ̀ ọmọ, ilé ẹ̀kọ́ mi sì fẹ́ wọlé. Ọkọ Àǹtí Bísí ti bá àwọn oníbàlúù sọ ọ́, wọ́n gbà kí Bàbá Àgbà lo tíkẹ́ẹ̀tì àbọ̀ rẹ̀. Bàbá Àgbà bá tún bẹ̀rẹ̀. Ó ní ọyẹ́ ṣì wà. Ó ní bọ́ọ̀sì méjì kì í bàjẹ́ tẹ̀ léra. Ó ní òun fẹ́ yà kí ọ̀rẹ́ òun kan ní Lọ́kọ́ja, ọ̀rẹ́ tí a kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Mo ń fọ aṣọ ọmọ lẹ́yìn ilé ní ọ̀sán ọjọ́ kan, àwọn méjèèjì sì jókòó sábẹ́ fèrèsé, wọ́n ń bó ẹ̀pà.

Bàbá Àgbà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, orúkọ bàbá mi ló fi pè é. Ó ní, "Ìyá Káyọ̀dé, ẹ̀rù ń bà mí."

"Mo mọ̀," ni Yèyé wí.

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ tí ẹ ti ń fi ìka tẹ Adó dípò Èkó."

Bàbá Àgbà fọ́ ẹ̀pà kan. Ó wá ní, "Gbogbo ọmọ tí mo kọ́. Mo sọ fún wọn bí ó ṣe ń gbéra, bí ó ṣe ń bà. Ìdí tí kò fi ń jábọ́, mo kọ ọ́ sójú pátákó fún wọn. Èmi gan-an kò gbà á gbọ́."

Yèyé kò rẹ́rìn-ín. Mo ti mọ́kàn le pé yóò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀rù ba èmi náà. Mo pe ẹni mímọ́ títí mo fi pe Ìyá Alákàrà. Ẹ óò di ọwọ́ mi mú. Kò sí ẹni tó mọ̀ yín níbẹ̀." Ó da ẹ̀pà tó ti bó sínú àwo tirẹ̀. "Ṣùgbọ́n èmi kò tún lè jókòó sí ẹnu ọ̀nà dè yín bẹ́ẹ̀ yẹn mọ́, Tíṣà. Èyí tí mo jókòó yẹn tó mi."

Bí Bàbá Àgbà ṣe wọ bàlúù nìyẹn. Ọ̀dọ̀ fèrèsé ni Yèyé jókòó sí, Bàbá Àgbà wà láàárín, mo wà létí ọ̀nà. Kó tó di pé ẹ́ńjìnnì hó, ojú rẹ̀ ti dì pa, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì ti di ọwọ́ ọ̀tún Yèyé mú bí ẹni di okùn kànga. Nígbà tí a gbéra, mo rí i tí ètè Yèyé fún pọ̀, kì í ṣe nítorí bàlúù. Ọyẹ́ ti rọlẹ̀ lọ́jọ́ náà, ilẹ̀ hàn kedere. Yèyé fi iwájú orí ti fèrèsé. Ó ní, "Tíṣà, odò kan nìyí nísàlẹ̀, ó fẹ̀, iyanrìn wà láàárín rẹ̀." Bàbá Àgbà kò la ojú. Ó ní, "Láti apá ibo ló ti ń bọ̀?" Yèyé sọ fún un. Ó ní, "Ọya nìyẹn. A ti ṣe ju ìdajì lọ." Yèyé tún ní, "Òkè kan wà níbí, ó dá dúró." Bàbá Àgbà dárúkọ ibẹ̀. "Ìlú kan nìyí, páànù ilé wọn ń dán." Ó ronú, ó dárúkọ ìyẹn náà. Báyìí ni wọ́n ṣe ń bá a bọ̀. Yèyé ń wò ó, Bàbá Àgbà ń sọ ọ́, bí ẹni pé ènìyàn kan ṣoṣo ni wọ́n. Ọkùnrin tó wà níwájú wa yíjú padà, ó béèrè lọ́wọ́ mi ní ohùn jẹ́jẹ́ pé ṣé ojú bàbá yìí kò ríran ni. Mo ní ó ríran, ó kàn ń sinmi ni.

Nígbà tí a dé Òkè-Ìlá, gbogbo agbo ilé ti pé jọ. Wọ́n kí wa, wọ́n béèrè ọmọ, wọ́n béèrè ìyá ọmọ, wọ́n wá kọjú sí Bàbá Àgbà. Ọkùnrin kan tó ń gbé lójúlé kejì, tí Bàbá Àgbà ti kọ́ rí, ní, "Tíṣà, ẹ ti wọ̀ ọ́ wàyí. Báwo ló ṣe rí lójú òfuurufú?" Bàbá Àgbà wo ilẹ̀. Mo rí i tí ó ń wá ọ̀rọ̀, òun tí ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu rẹ̀. Yèyé ló gbà á. Ó ní, "Ẹ má bi í, ó ti rẹ̀ ẹ́. Láti Kánò dé Èkó, kò sí odò tí kò dárúkọ, kò sí òkè tí kò pè. Àwọn tó wà níwájú ń yíjú padà wá gbọ́." Gbogbo wọn mi orí. Wọ́n ní àwọn mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí. Kò sí irọ́ kankan nínú ohun tó sọ. Bàbá Àgbà wò ó, ó pẹ́ kó tó gbé ojú kúrò lára rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Yèyé se iṣu, ṣùgbọ́n nígbà tí ó gbé ọmọ odó, ó tún gbé e kalẹ̀. Ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, èyí tí Bàbá Àgbà dì mú nínú bàlúù, ti wú. Ìyá mi ní kí ó fi sílẹ̀ fún òun, Bàbá Àgbà sì dìde lórí àga rẹ̀, ó bọ́ kóòtù, ó ní kí ìyá mi jókòó. Ó gba ọmọ odó. N kò rí i kí ó dì í mú rí láti ọjọ́ tí mo ti dáyé. Ó gún un lẹ́ẹ̀kan, odó yà sí ẹ̀gbẹ́. Mo bá a di odó mú. Ará ojúlé kejì na ọrùn lórí ògiri láti mọ ẹni tó ń lu ilẹ̀ bí ẹni ń kọ́lé, ó rí Tíṣà nínú síńgílẹ́ẹ̀tì, ó sì rọra fa ọrùn padà. Iyán náà kún fún kókó. Bàbá Àgbà fúnra rẹ̀ ló bù ú síwájú Yèyé. Yèyé fi ọwọ́ òsì jẹ ẹ́, kókó kan tẹ̀ lé èkejì, títí àwo fi mọ́, ó sì ní kí wọ́n bù sí i.